Màmá Ní Àwọn Kò Tíì Jẹun

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má retí ẹ̀rín lọ́dọ̀ mi lónìí. Obìnrin tó ni ìtàn yìí jókòó síwájú mi nínú ilé rẹ̀ ní Bódìjà, ó sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó nu ojú, ó wá ní, "Ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ má bá mi tún ibì kankan ṣe."

Orúkọ nìkan ni mo yí padà.

Ọmọ́bọ́láńlé ni kí á máa pè é. Ẹ̀rù fóònù ń bà á. Bí fóònù bá dún nígbà tó wà lọ́jà, á gbé gbogbo ohun tó rà sílẹ̀, á wá mọ́tò wọ̀, á forí lé ilé. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń sáré lọ bá kò sí nílé náà mọ́. Wọ́n ti sin ín.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí Bọ́láńlé bí ọmọ kejì, ó sanra, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ó bá pa ìrẹsì tì, ó pa búrẹ́dì, gàrí, iṣu àti gbogbo òkèlè tì, ó gbá ẹ̀fọ́, ẹyin, ẹja àti wàrà mú. Kí á tó wí kí á tó fọ̀, ara rẹ̀ ti fúyẹ́, aṣọ tó ń fún un tẹ́lẹ̀ ti ń já bọ́ léjìká. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sí kọ̀rọ̀.

"Bọ́láńlé, oògùn wo lò ń lò? Má fi pa mọ́ fún wa o."

"Mi ò lo oògùn kankan. Ètò ni."

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn, ètò. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí Wàsáàpù. Kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, á ti kọ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ náà síbẹ̀. Ọjọ́ Ajé, ẹyin àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọbẹ̀ ata ẹja pẹ̀lú ìkàn. Ọjọ́rú, òkèlè tí wọ́n fi kábéèjì rò, pẹ̀lú ẹ̀gúsí. Tó bá di àárọ̀ Sátidé, á kó àwọn tó bá fẹ́ lẹ́yìn lọ sí ọjà Bódìjà, á máa kọ́ wọn ní ohun tó yẹ kí wọ́n rà àti èyí tó yẹ kí wọ́n fojú fò.

"Hamidah, gbójú kúrò níbi iṣu yẹn. Iṣu kì í ṣe ọkọ rẹ."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Òun náà fẹ́ràn kí wọ́n máa fẹ́ràn òun, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ń dá gbé ní Òjòó. Aránṣọ ni Màmá kí ojú wọn tó di bàìbàì. Nígbà tí ìtọ̀ ṣúgà tó ń bá wọn jà wá le, Gbádérọ̀, ọkọ Bọ́láńlé, kó wọn wá sílé. Dókítà ní kí wọ́n máa gba abẹ́rẹ́ láràárọ̀, ó sì pe Bọ́láńlé jókòó.

"Mádàámù, abẹ́rẹ́ yìí àti oúnjẹ ni wọ́n jọ ń rìn. Bí Màmá bá ti gbà á, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun. Bí ẹ bá sì fẹ́ dín òkèlè wọn kù, ẹ padà wá kí n bá yín dín abẹ́rẹ́ náà kù."

"Mo ti gbọ́, dókítà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ó gbé Màmá lé ètò, kò sì padà lọ. Ohun tó ń rò ni pé bí òun bá lọ, dókítà á ní kí òun rọra, kí òun fi àmàlà díẹ̀ kún un, kí òun fi iṣu díẹ̀ kún un. Bẹ́ẹ̀ Bọ́láńlé fẹ́ kí àwọn obìnrin rẹ̀ rí iṣẹ́ ètò lára Màmá kíá.

Ọjọ́ tí Màmá dé, Bọ́láńlé ń bá wọn tú báàgì, ó bá páálí ṣúgà oníhóró kan níbẹ̀.

"Màmá, kí lèyí?"

"Dókítà ló ní kí n máa mú un dání. Bí ara mi bá ti ń gbọ̀n, kí n jù ú sẹ́nu."

"Màmá mi, ẹ ò ní fi orúkọ dókítà lá ṣúgà nínú ilé yìí o."

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ó gbé páálí náà fún aládùúgbò. Kò sí ṣúgà nílé wọn mọ́, kò sí oyin, kò sí búrẹ́dì, kò sí gàrí. Bí ọkọ àti àwọn ọmọ bá fẹ́ jẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìta ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà bá ti gbé e jáde, Bọ́láńlé á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́.

"Àǹtí, ọwọ́ yín mà dára o!"

"Irú ìyàwó báyìí ni kí Ọlọ́run fún àwọn ọmọ wa."

Islamiat, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ta bàtà ní Agbowó, kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Àǹtí, bàbá mi náà ń gba abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà. Mo máa gbé wọn lé ètò yín o." Bọ́láńlé fi àwòrán àtẹ́wọ́ dá a lóhùn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dójú tì í. Màmá kì í gbà pé àwọn ti jẹun.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí àwọn àgbà wa ṣe rí. Wọn ì báà jẹ odidi ẹja, kí wọ́n jẹ ẹyin, kí wọ́n fi wàrà lé e, bí òkèlè kò bá tíì gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá, wọn ò tíì jẹun nìyẹn. Ẹni yòówù tó bá pe Màmá lórí fóònù, ohun kan náà ni wọ́n á sọ fún un: "Mi ò tíì jẹun."

Wọ́n sọ ọ́ fún àlùfáà tó wá gbàdúrà fún wọn. Wọ́n sọ ọ́ fún Oyèbọ́lá, àkọ́bí wọn, ẹ̀gbọ́n Gbádérọ̀ lóbìnrin tó ń gbé nítòsí Ìwó Road. Oyèbọ́lá kò kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

"Ìyàwó, kí ni màmá mi ṣe fún ẹ tí o fi ń febi pa wọ́n?"

Bọ́láńlé kò bá a jà. Ó ṣí ìkòkò fún un. Ó fi abọ́ tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán hàn án, egungun ẹja ló kún inú rẹ̀.

"Màmá, ta ló jẹ gbogbo eléyìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ sì ní ẹ ò tíì jẹun?"

"Ìyẹn ni mo fi panu. Mi ò tíì jẹun."

Oyèbọ́lá bú sẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ Bọ́láńlé. "Ìyàwó wa, má bínú sí mi. Màmá mi ni oníwàhálà." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Màmá gan-an rẹ́rìn-ín. Bó ṣe di àwàdà ilé nìyẹn. Tiwátọ́pẹ́, ọmọ àgbà, á jẹun yó tán, á di inú mú, á ní, "Mi ò tíì jẹun!" Bọ́láńlé gba ohùn Màmá sílẹ̀ lórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin rẹ̀, wọ́n fi ṣe ẹ̀rín títí.

Kò sẹ́ni tó tún ka ọ̀rọ̀ náà kún mọ́.

Nígbà tó yá, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bo Màmá láàárọ̀. Wọ́n á máa pe Tiwátọ́pẹ́ ní orúkọ Oyèbọ́lá.

"Ìyàwó mi, ara mi ń gbọ̀n. Ojú mi ń ṣú."

"Ara ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé láìsí ṣúgà, Màmá. Ẹ fara dà á."

Ó ti kọ gbólóhùn yẹn fún ẹgbẹ́ náà rí, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù díẹ̀ ń bà á lọ́kàn. Ó ní òun máa lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn ló ń sún síwájú títí di Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Gbádérọ̀ kó àwọn ọmọ lọ fún ìdánrawò akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ́láńlé fún Màmá lábẹ́rẹ́.

"Màmá, oúnjẹ yín wà nínú kúlà pupa lórí tábìlì."

"O ṣeun, ìyàwó mi. Ọlọ́run á bá mi tọ́jú rẹ."

Ó ń kánjú. Àwọn obìnrin ti ń dúró dè é lọ́jà, ó sì ti se òkèlè kábéèjì tí wọ́n máa tọ́ wò. Ó ń kó kúlà, abọ́ àti ṣíbí sínú báàgì, ó ń dáhùn Wàsáàpù lọ́wọ́ kan náà. Ó fa ilẹ̀kùn dé, ó lọ.

Wọ́n ti ra ṣọkọ àti gbọ̀rọ̀, wọ́n ti ra wàrà, kí Islamiat tó ní, "Àǹtí, ebi ti ń pa wá. Òkèlè yẹn dà?"

Bọ́láńlé ki ọwọ́ bọ báàgì. Kúlà pupa ló kọ́kọ́ bá lọ́wọ́.

Ó ti kó oúnjẹ Màmá mọ́ ti ọjà.

Hamidah ti gba kúlà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ṣí i. "Ẹyin àti ẹ̀fọ́! Àǹtí, ẹ tún se èyí fún wa? Ẹ mà ṣé o!"

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí Bọ́láńlé sọ: ti Màmá nìyẹn, mo ń lọ sílé. Kò sọ ọ́. Báwo ni obìnrin tó ń kọ́ ayé ní ètò ṣe máa sọ pé òun fún aláìsàn lábẹ́rẹ́ tán, òun sì gbé oúnjẹ rẹ̀ wá sọ́jà? Ó wí fún ara rẹ̀ pé òun ò ní pẹ́. Ó dúró níbẹ̀, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe jẹ oúnjẹ Màmá tán, tí wọ́n ń lá ìka.

Fóònù dún. Omi ẹ̀fọ́ wà lọ́wọ́ Bọ́láńlé, Hamidah ló bá a tẹ̀ ẹ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo wọn á ti gbọ́.

"Ìyàwó mi, mi ò tíì jẹun o."

Ẹ̀rín sọ. Hamidah pàtẹ́wọ́. "Màmá wa! Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀!"

Bọ́láńlé já fóònù gbà, ó gbé e sétí, ó kẹ̀yìn sí wọn. "Màmá, mò ń bọ̀."

"Mi ò rí kúlà. Ara mi ń gbọ̀n, ọmọ mi. Òógùn bò mí."

"Mo ní mò ń bọ̀, Màmá. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́."

Nígbà tó yíjú padà, gbogbo wọn ń wò ó, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu wọn.

"Òkèlè ni wọ́n tún ń bèèrè?" Islamiat ló bi í.

Bọ́láńlé náà rẹ́rìn-ín. "Kí ló tún kù?"

Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kó sinmi. Ó sọ fún mi pé ojú òun lè fo pósí, ó lè fo sàréè, ṣùgbọ́n bí òun bá ń gé ẹ̀fọ́, òun á gbọ́ ẹ̀rín ara òun lẹ́yìn òun, bíi pé obìnrin mìíràn dúró síbẹ̀.

Kò sì lọ sílé lójú ẹsẹ̀. Wọn ò tíì ra ẹja. Ẹnì kan fẹ́ kí gbogbo wọn jọ ya fọ́tò. Màmá tún pè, ó jẹ́ kó dún títí ó fi dákẹ́, ó ní òun kúkú ti fẹ́ máa lọ. Ìpè tó tẹ̀ lé e, Gbádérọ̀ ni.

"Bọ́láńlé, Màmá ti ṣubú nílé ìdáná! Wọn ò dá mi lóhùn!"

Ó bá ilé ìdáná bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹyin tútù kan ti fọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá ti wá ohun tí wọ́n lè jù sẹ́nu kiri, wọn ò rí i.

Ní ọsibítù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Màmá wò, wọ́n sáré fa omi ṣúgà sí wọn lára. Dókítà bọ́ síta.

"Ta ló fún wọn lábẹ́rẹ́ láàárọ̀? Ṣé wọ́n jẹun lẹ́yìn rẹ̀?"

Gbádérọ̀ wo ìyàwó rẹ̀.

"Wọ́n jẹun, dókítà," ni Bọ́láńlé wí. "Ẹyin àti ẹ̀fọ́." Gbádérọ̀ wọlé tọ Màmá lọ.

"Ó yà mí lẹ́nu. Ṣé ẹ ò yí oúnjẹ wọn padà ṣá?"

"Rárá o."

Màmá kò la ojú mọ́. Wọ́n dákẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tó parí. Gbogbo èèyàn gbà pé ìtọ̀ ṣúgà ló pa wọ́n. Níbi ìsìnkú, Oyèbọ́lá di Bọ́láńlé mú lójú gbogbo ẹbí. "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó yìí. Òun ló tọ́jú màmá mi dópin."

Láti ìgbà náà ni ilé ti ń lé e. Á wà ní pálọ̀ lọ́sàn-án gangan, á máa gbọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tó ń wá nǹkan. Á sáré wọlé, á bá gbogbo rẹ̀ ní títì. Lọ́jọ́ kan, ó ra iṣu, ó gún iyán, ó gbé e síwájú àga Màmá, ó jókòó tì í títí iyán náà fi tutù. Síbẹ̀ ó ń kọ ètò ọ̀sẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀, torí bó bá dákẹ́, wọ́n á bi í léèrè.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni àṣírí tú. Wọ́n ń múra ṣọ́ọ̀ṣì. Gbádérọ̀ ń de táì níwájú dígí nígbà tí Islamiat pè.

"Àǹtí, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣì wà lọ́rùn yín. Bàbá mi ni. Òógùn bò wọ́n, ara wọn ń gbọ̀n. Ṣé bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ ni, pé ara ló ń kọ́ ọ?"

"Ṣé wọ́n ti gba abẹ́rẹ́?"

"Wọ́n ti gbà á."

"Ṣé wọ́n jẹun?"

Islamiat rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní àwọn ò tíì jẹun. Ẹ ṣáà mọ àwọn àgbà, Àǹtí. Bíi ti Màmá wa."

Bọ́láńlé wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Ó lè jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó lè rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní èṣù sọ bẹ́ẹ̀ fún òun, ẹsẹ̀ òun tilẹ̀ ti ń yí sẹ́nu ọ̀nà.

Ó bá lọgun.

"Islamiat, òótọ́ ni wọ́n ń sọ! Wọn ò tíì jẹun! Po ṣúgà sómi, bí wọ́n bá ṣì lè gbé e mì, fún wọn mu nísinsìnyí, kí o gbé wọn lọ sí ọsibítù! Má rẹ́rìn-ín mọ́! Sáré!"

Fóònù já. Ọwọ́ Gbádérọ̀ ti dúró lórí táì.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ?"

Bọ́láńlé gbé fóònù lé bẹ́ẹ̀dì.

"Bọ́láńlé, ní Sátidé yẹn, ṣé màmá mi jẹun?"

Ó kúnlẹ̀. "Dádì Tiwá, wọn ò jẹun."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: kúlà, àwọn tó jẹ ẹ́, ẹ̀rín, ìpè tí kò gbé, dókítà tí kò padà lọ bá. Gbádérọ̀ kò pariwo. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ilẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí fóònù tún dún, Gbádérọ̀ ló gbé e.

"Àǹtí! Alhamdulilahi! Bàbá mi ti ń sọ̀rọ̀! Wọ́n ní ọpẹ́lọpẹ́ ṣúgà tí a tètè fún wọn. Ẹ̀yin lẹ gba bàbá mi là, Ọlọ́hun á san yín lẹ́san!"

"Ẹ kú oríire," ni Gbádérọ̀ wí. Ó rọra gbé fóònù sílẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀.

"Omi ṣúgà," ni ó wí. "Omi ṣúgà lásán, Bọ́láńlé."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, pẹ̀lú táì lọ́rùn, bí ọmọ kékeré tí wọ́n gbàgbé sí ilé ìwé.

Kò lé e jáde. Lọ́jọ́ yẹn náà, Bọ́láńlé kọ òótọ́ fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní kí ẹni tó bá ń lo oògùn tàbí abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà má ṣe yí oúnjẹ padà láìrí dókítà, ó sì ti ẹgbẹ́ náà pa. Àwọn kan bú u. Hamidah pè é, ó ń sunkún, gbólóhùn kan ló ń tún sọ. "Àǹtí, èmi ni mo ṣí i. Èmi ni mo jẹ ẹ́." Bọ́láńlé bẹ̀ ẹ́ títí pé kò mọ̀ pé ti Màmá ni, ṣùgbọ́n Hamidah kò gbà.

Oyèbọ́lá kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn. Kò mọ nǹkan kan.

"Mi ò ní sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi," Gbádérọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ìwọ lo máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, màá máa wò ọ́."

Bọ́láńlé lọ sí Ìwó Road láti sọ ọ́. Kó tó jókòó, Oyèbọ́lá ti gbé búbá kan jáde, èyí tí Màmá rán gbẹ̀yìn. Ó ní, "Mo ti rò ó. Ìwọ ló tọ́ sí." Bọ́láńlé gbà á, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ rò pé ìdúpẹ́ ni. Ó padà sílé láìsọ ọ́. Ó tún lọ, kò tún lè sọ ọ́.

Ìdí tó fi ránṣẹ́ pè mí nìyẹn. Oyèbọ́lá kì í jẹ́ kí ìwé ìròyìn yìí fo òun, ojú ìwé yìí ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Àǹtí, bí ẹ bá ti kà á dé ibí, ẹ ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni mo pè ní Oyèbọ́lá. Ìyàwó yín wà nílé. Ó ní kí ẹ máa bọ̀, ohunkóhun tí ẹ bá bá dé, òun á gbà á.